Ohun Tí Darlene Sọ

Ọjọ́ Ẹtì ni, agogo méjì ọ̀sán kù díẹ̀,
yìnyín ń bọ́ sórí Winnipeg
bí ẹni ń gbọn àpò èlùbọ́ tó ti tán.
Mo wà nídìí gíláàsì, mo ń fi rọ́bà sétí fèrèsé
tí wọn yóò kàn sílé ẹni tí mi ò ní mọ̀ láéláé.
Darlene ọ̀gá wa ní kí n wá sí ọ́fíìsì.
Ó ti ilẹ̀kùn. Ó bu omi fún mi nínú kọ́ọ̀pù oníbébà.
Ó ní, "Akínlàbí, ó dùn wá,
a ní láti jẹ́ kí o lọ."

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́.
Ṣùgbọ́n etí mi kì í jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì jókòó
kó tó tú u sí Yorùbá.
Jẹ́ kí o lọ!
Ṣebí mo ti ń ráhùn sí Rodel láti àárọ̀
pé ẹ̀yìn ń ro mí, pé bí ilẹ̀ bá ṣú, bọ́ọ̀sì ò ní rìn?
Mo ṣebí Rodel ló bá mi bẹ̀ ẹ́.
Mo dìde, mo tẹrí ba:
"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yin náà á rí àánú gbà."
Omi lé ròrò sójú obìnrin náà.
Mo ṣebí inú rere ló ń pa á lẹ́kún.
Ó na àpò ìwé funfun kan sí mi,
mo kì í bọ inú ẹ̀wù, mi ò ṣí i.
Mo ra ọsàn lọ́nà fún Wúràọlá.

Lọ́jọ́ Ajé, agogo mẹ́fà ìdájí,
òtútù ń ta bí agbọ́n,
mo fi káàdì mi kan ara ilẹ̀kùn, iná pupa tàn.
Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo tún fi kàn án. Pupa.
Rodel ló jáde wá bá mi,
ọmọ Filipínì tó ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí
kó tó mọ ojú rẹ̀.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká,
ó ní, "Iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ. Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn."

Nílé wa, bí wọ́n bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni,
a ní wọ́n dá a dúró.
Níbí, wọ́n ní àwọn jẹ́ kó máa lọ.
Mo dúró ní ibùdókọ̀, mo ń wọn ọ̀rọ̀ méjèèjì wò:
ẹni tí wọ́n dá dúró, kò ríbi dúró sí;
ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ, kò ríbi lọ.
Ṣùgbọ́n tiwa kì í bu omi fún ni
kó tó gbá ni létí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dọdẹ gbólóhùn yẹn kiri.
Nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀
tó ń bínú nítorí ọgbọ̀n dọ́là: gbàgbé ẹ̀, ló ń wí.
Nọ́ọ̀sì kan sọ ọ́ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀.
Ikú lòun ń wí.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilé mẹ́ta ló ń sùn.

Ní Sátidé, odò ti dì gbagidi,
a mú Àṣàbí lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lórí omi dídì.
Ọmọ ọdún méje, bàtà onírin lẹ́sẹ̀.
Mo di kóòtù rẹ̀ mú lẹ́yìn,
ẹsẹ̀ tèmi náà ń gbọ̀n.
Ó ké, "Dádì!" Gbólóhùn Darlene ló tẹ̀ lé e,
ní Gẹ̀ẹ́sì, ketekete.
Àyà mi já.
Mo wo Wúràọlá. Wúràọlá ń wo odò.
Ìka mi ṣí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.
Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì,
ó fẹ́ ṣubú, kò ṣubú,
ó ń lọ.
Mi ò dá a dúró.